Nọ́ńbà Ẹnu Ilẹ̀kùn GTO

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé kò sóhun tó dùn tó kéèyàn gbẹ̀san lára ẹni tó dà á, ẹ sún mọ́ mi. Mi ò ní bá yín jiyàn. Ó dùn. Britta Harju fẹnu ara ẹ̀ sọ fún mi pé ó dùn, òun náà ló sì ní kí n kọ ìyókù fún yín, kí ẹ lè mọ ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn adùn ọ̀hún.

Ìlú Escanaba la wà, ní àríwá Michigan, níbi tí yìnyín kì í ti í jẹ́ ká rí ilẹ̀ tẹ̀ fún bí ìdajì ọdún. Britta ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò kọ̀mpútà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan níbẹ̀, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún un. Ọkọ̀ Dodge Dart tí àǹtí ẹ̀ fi sílẹ̀ fún un kó tó kú ló ń gùn, ọkọ̀ tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ju òun fúnra ẹ̀ lọ. Bó bá kúrò nídìí kọ̀mpútà, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ ó ti bá a. Kò mọ òmíì.

Dane Sandquist ló máa ń jókòó tì í ní kíláàsì. Ọmọ tó dáa lójú, ẹnu ẹ̀ dùn, ọ̀lẹ paraku. Bí olùkọ́ bá ti gbé iṣẹ́ sílẹ̀ báyìí, Dane á ti fà mọ́ Britta.

“Britta mi, ìyàwó kọ̀mpútà, ṣàánú mi. Wo ibi tí tèmi há sí.”

Britta á rẹ́rìn-ín, á sì bá a tún un ṣe. Ìfẹ́ Dane ti wọ̀ ọ́ lára, kí n má purọ́ fún yín.

Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́ kó máa lọ sílé àwọn Dane gan-an kì í ṣe Dane. Rolf ni, bàbá Dane, tó ti fẹ̀yìn tì nílé-iṣẹ́ bébà. Rolf ní Pontiac GTO ọdún 1967, ọkọ̀ alágbára tó wọ́n tí àwọn ọlọ́kọ̀ àtijọ́ ń wá lójú méjèèjì, ó pupa bí ọtí wáìnì, bó bá tan án, gbogbo àdúgbò ló ń mọ̀. Verna ìyàwó ẹ̀ ló ra ọkọ̀ ọ̀hún fún un lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì. Ilé tí ìyá Verna fi sílẹ̀ fún un létí adágún ló tà, tó fi rà á, kò sì jẹ́ kí ọkọ ẹ̀ gbọ́ títí tí wọ́n fi gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ ò lè bá Verna sọ̀rọ̀ tán kó má sọ ọ́. “Èmi tí mi ò mọ nǹkan kan nípa mọ́tò, èmi ni mo dá a rà o! Mo rí i, mo ní èyí gan-an ni Rolf ń wá láti ìgbà èwe.” Ojú ẹ̀ á sì máa tàn.

Rolf ló kọ́ Britta bí wọ́n ṣe ń fetí gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Rolf ló mú un wọ ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ àtijọ́, àwọn tó máa ń pàdé nírọ̀lẹ́ Friday níwájú ṣọ́ọ̀bù áísíkiriìmù. Wọ́n á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, wọ́n á na àga kíká, wọ́n á máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Òfin kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀. O lè wo ẹ́ńjìnnì, o lè yin ọ̀dà, o lè bú táyà. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́kọ̀ ò bá ti ní òun fẹ́ tà, o ò gbọdọ̀ yọjú wo nọ́ńbà ara ọkọ̀ ẹ̀. Bí ìgbà tó o bá bi ọkùnrin bóyá òun ló ni ọmọ tó gbé dání ni.

Nọ́ńbà ọ̀hún ni ètò tí Britta ń kọ dá lé. Gbogbo ọkọ̀ àtijọ́ ló ní nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà á mọ ohun tí ọkọ̀ náà jẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é. Britta kó ìwé àwọn ọlọ́kọ̀ jọ, Rolf yá a ní púpọ̀ níbẹ̀, ó sì fọwọ́ ara ẹ̀ tẹ gbogbo ìtumọ̀ nọ́ńbà wọ̀nyẹn sínú kọ̀mpútà. O tẹ nọ́ńbà, ètò á sọ ìtàn ọkọ̀ fún ẹ. Iṣẹ́ àṣekágbá ọdún ẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí òjò ti fọ iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí yìnyín kúrò lójú títì, tí àwọn ọkọ̀ àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, Rolf pè é wá sí gáréèjì. Ilẹ̀kùn GTO lọ́dọ̀ awakọ̀ ti yẹ̀, kò pa dé dáadáa mọ́. Ilẹ̀kùn yẹn, Rolf kì í jẹ́ kí ẹlòmíì ṣí i. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ a máa fi ṣẹ̀fẹ̀ pé, “Rolf, ṣé ibẹ̀ lo sin góòlù ẹ sí ni?” Ṣùgbọ́n èjìká ń dùn ún lọ́dún yẹn, kò lè dá gbé e. Britta gbé ilẹ̀kùn sókè, Rolf ń tú bọ́ọ̀tù. Gíríìsì bo irin kékeré kan lẹ́nu ilẹ̀kùn, Britta bá fi àkísà nù ún.

237 ni nọ́ńbà náà fi bẹ̀rẹ̀.

Britta tún un kà. Nọ́ńbà GTO ọdún yẹn, 242 ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi tẹ̀ ẹ́ sínú ètò. 237, LeMans ni, mọ̀lẹ́bí GTO tí àwọn òṣìṣẹ́ lásán ń rà láti fi gbé ọmọ lọ síléèwé. Ẹnì kan ti gbé ẹ́ńjìnnì ńlá sí i, ó lẹ orúkọ GTO mọ́ ọn lára, ó sì tà á fún obìnrin tí kò mọ mọ́tò.

Ó wo ojú Rolf. Rolf ń wo bọ́ọ̀tù.

“Gbé sípánà yẹn fún mi, ọmọ mi.”

Britta gbé e fún un. Ẹnu wo ni ì bá fi sọ ọ́? Ó panu mọ́, ó sì ń káàánú bàbá náà lọ sílé.

Ẹ jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ olè wàyí.

Ó ku díẹ̀ kí wọ́n fi iṣẹ́ àṣekágbá ránṣẹ́, Dane ò tíì kọ nǹkan kan. Ó wá bá Britta.

“Jẹ́ kí n rí bó o ṣe ṣe tìẹ, kí n lè mọ ibi tí n ó gbà. Mi ò ní fọwọ́ kàn án.”

“Dane, ṣé mo lè gbẹ́kẹ̀ lé ẹ?”

“Wò ó, kí ni mo fẹ́ fi ètò ọkọ̀ ṣe? Èmi tí mi ò mọ̀yàtọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì àti bàtìrì.”

Britta rẹ́rìn-ín. Ó da gbogbo ẹ̀ kọ sórí fúláàṣì Dane, látòkè délẹ̀. Ìfẹ́ a máa sọ ọlọ́gbọ́n di ọ̀dẹ̀.

Dane yí orúkọ orí ẹ̀ padà, ó sì fi ránṣẹ́ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì lójú ẹsẹ̀. Britta tó ń yẹ tiẹ̀ wò, tó tún ń yẹ̀ ẹ́ wò, fi tiẹ̀ ránṣẹ́ lẹ́yìn ìgbà tí ti Dane ti wọlé. Olùkọ́ wọn, Madam Pruitt, pè é.

“Britta, iṣẹ́ yìí, ibo lo ti rí i?”

“Èmi ni mo kọ ọ́, mà.”

“Ti Dane ti wọlé ṣáájú tìẹ. Kò sí ibi tí wọn ò ti bára mu.”

“Òun ló jí tèmi, mà!”

“Ó dáa. Ẹni tó bá kọ ètò á ní èyí tó kọ lánàá, á ní ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, èyí tó ṣì bàjẹ́. Kó wọn wá kí n rí wọn.”

Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ yìí ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Látọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń dún un sí wọn létí pé kí wọ́n máa tọ́jú gbogbo ẹ̀dà iṣẹ́ wọn. Britta ò ṣe é. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ló ń kọ ọ́ lé lórí. Bó bá ti tún ibì kan ṣe, á pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́, kó má bàa dí i lójú. Kò ní nǹkan kan tó lè fi hàn.

Wọ́n pe Dane. Ó dúró ṣánṣán, kò tiẹ̀ ṣẹ́jú.

“Èmi ni mo kọ ọ́, mà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n le jù mọ́ ọn. Ìgbà mìíràn mo máa ń ràn án lọ́wọ́.”

Ẹ gbọ́ mi! Ó lóun máa ń ràn án lọ́wọ́!

Òdo ni wọ́n fún Britta. Wọ́n gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n ní kó lọ sinmi nílé títí di ọdún tó ń bọ̀. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ àtijọ́ rí iṣẹ́ “Dane”, wọ́n sì ti ṣèlérí iṣẹ́ fún un. Britta ká a mọ́ ẹnu ọ̀nà kíláàsì.

“Dane, kí ni mo ṣe fún ẹ?”

“Má bínú, jàre. Ìwọ lọ́pọlọ, wàá kọ òmíì. Èmi ò ní òmíì tí mo lè kọ.”

Ẹ wo ọ̀rọ̀ lẹ́nu olè! Bí ẹni yá iyọ̀ nínú ọbẹ̀ ni.

Britta bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń yan páì ẹran. Bó bá ń po ìyẹ̀fun, ojú Dane ló ń pò. Oorun ò wá. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá, pé kí Dane fi ẹnu ara ẹ̀ jẹ́wọ́ níwájú gbogbo ayé pé òun kọ́ lòun ni ètò yẹn. Orúkọ mi, ó ń wí fún ara ẹ̀, orúkọ mi ni mo fẹ́ gbà padà, màá sì rí i kójú tì í.

Ó rò ó pé kí òun tú afẹ́fẹ́ táyà ọkọ̀ Dane. Ìyẹn kéré. Ó rò ó pé kí òun lọ bá Verna. Verna ò ní gbà, ọmọ kan ṣoṣo tó bí ni Dane, lójú tiẹ̀, ọmọ náà kì í ṣẹ̀.

Ọjọ́ kan ló rí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀bù. Àfihàn ọkọ̀ àtijọ́ ọdún náà, nínú ọgbà etí adágún. Nísàlẹ̀ ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé Dane Sandquist, ọmọ wa, á fi ètò kọ̀mpútà tó kọ hàn wá, á sì ka nọ́ńbà ọkọ̀ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́.

Britta dúró sójú kan. 237. Dane ò mọ̀! Dane tí kì í wọ gáréèjì, Dane tí kò tiẹ̀ ka ohun tó jí. Bí wọ́n bá ní kó ka nọ́ńbà ọkọ̀ bàbá ẹ̀, ètò á sọ òtítọ́. Bí Dane bá ní irọ́ ni, wọ́n á ní kó tún un ṣe. Kò sì lè tún un ṣe, nítorí kì í ṣe òun ló kọ ọ́.

Ẹ̀rín tí Britta rín lọ́jọ́ yẹn, ẹlẹ́gbẹ́ ẹ̀ nídìí ààrò ní ẹ̀rù ba òun.

Rolf yà sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì, ó ní òun fẹ́ páì méjì.

“Ọmọ yìí, o ò yà sílé mọ́. Ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?”

“Rárá o, bàbá. Iṣẹ́ ni.”

“Verna ń béèrè ẹ.” Rolf san owó páì. “Mo mọ̀ pé nǹkan wà láàárín ìwọ àti Dane. Òun ò sọ fún mi. Bó bá jẹ́ pé òun ló jẹ̀bi, sọ fún mi. Màá gbà ẹ́ gbọ́.”

Ẹ ò rí nǹkan! Ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ọ̀rọ̀ ti dé ètè Britta. Ṣùgbọ́n bó bá sọ fún Rolf, ọ̀rọ̀ á parí sáàárín ilé. Rolf á na ọmọ ẹ̀ ní pàṣán ọ̀rọ̀, á mú un lọ bá olùkọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sẹ́ni tó máa rí i. Britta ò fẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Gbangba ló fẹ́.

“Kò sí nǹkan kan, bàbá. Ẹ bá mi kí Màmá.”

Ọjọ́ àfihàn pé. Oòrùn ràn, ọkọ̀ tò lọ bẹẹrẹ létí omi, àwọn àlejò wá láti Marquette àti Green Bay. Àwọn ará kọ́lẹ́ẹ̀jì náà wá, Madam Pruitt wà láàárín wọn. Verna jókòó lórí àga kíká lẹ́gbẹ̀ẹ́ GTO, ó so síkáàfù kékeré mọ́rí nítorí afẹ́fẹ́, ó ń pín bísíkíìtì fún ẹni tó bá kọjá. Ó rí Britta, ó ki bísíkíìtì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

“O gbẹ, ọmọ mi. Wọn ò fún ẹ lóúnjẹ níbi tó o ti ń ṣe oúnjẹ ni?”

Britta fi bísíkíìtì sápò. Kò lè jẹ ẹ́.

Wendell, olórí ẹgbẹ́, gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó pe Dane sórí pèpéle. Tẹlifíṣọ̀n ńlá kan wà lẹ́yìn ẹ̀ tí gbogbo èèyàn ń wò. Dane wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó. Ó ka nọ́ńbà Mustang kan, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó ka ti ọkọ̀ akẹ́rù Ford kan, wọ́n tún pàtẹ́wọ́.

“Ọ̀pọ̀ oṣù ni mo fi kọ ètò yìí,” Dane ń wí, “mi ò sùn, mi ò wo.”

Ìbínú gun Britta. Ó pariwo láàárín èrò.

“Ọkọ̀ bàbá ẹ ńkọ́? Ṣé ti ẹlòmíì lo wá ń kà, o fi tilé sílẹ̀?”

Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. “Bẹ́ẹ̀ ni! GTO! Ka ti GTO!”

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ẹgbẹ́ dákẹ́ lọ gbári. Britta rí i pé wọ́n dákẹ́, kò bi ara ẹ̀ léèrè ohun tó fà á. Wendell yára gba ẹ̀rọ.

“Ẹ jẹ́ ká mú ti Dodge aláwọ̀ ewé tó wà lọ́hùn-ún. Àlejò la fi ń ṣíwájú.”

“Ẹ̀rù ń bà á ni?” Britta tún ké. “Dane, ṣé ètò ẹ ò mọ GTO ni?”

Rolf ti dìde. “Ẹ fi ọkọ̀ mi sílẹ̀. Mi ò tíì nu inú ẹ̀.”

Verna ló wá da gbogbo ẹ̀ rú. Ó dìde, ó ń pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé. “Rolf, jẹ́ kí wọ́n rí i jàre! Èmi ni mo rà á! Dane, lọ kà á, kí wọ́n mọ ohun tí ìyá ẹ rà!”

Kí Rolf tó rìn dé ìdí ọkọ̀, Dane ti bẹ́ sílẹ̀, ó ti ṣí ilẹ̀kùn ọ̀dọ̀ awakọ̀, ó ti ya nọ́ńbà ọ̀hún sórí fóònù ẹ̀. Ó padà sórí pèpéle, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì kọjú sí èrò pẹ̀lú ẹ̀rín. Òun nìkan ni kò rí ohun tó wà lẹ́yìn òun.

PONTIAC LEMANS. ILẸ̀KÙN MÉJÌ. SÍLÍŃDÀ MẸ́FÀ.

Ẹnì kan láàárín àwọn àlejò rẹ́rìn-ín hẹ̀ẹ̀. Dane yíjú padà. Ẹ̀rín kú lẹ́nu ẹ̀.

“Mo ti ṣi nọ́ńbà tẹ̀.” Ó tún un tẹ̀. LeMans. Ó tún un tẹ̀. LeMans.

“Ètò yìí ló ní àṣìṣe,” ó wí.

“Ìwọ lo kọ ọ́,” ọkùnrin Green Bay kan dáhùn. “Tún un ṣe ká rí i.”

Dane ṣí inú ètò náà. Ó lọ sókè, ó lọ sísàlẹ̀, gbogbo èèyàn ń wò ó lójú tẹlifíṣọ̀n bí ẹni tó wọ ilé onílé lókùnkùn. Madam Pruitt ti sún mọ́ iwájú.

“Dane,” olùkọ́ náà wí, “ibo lo kọ ìtumọ̀ nọ́ńbà Pontiac sí?”

Dane ò mọ̀. Òógùn bò ó. Ó wo ojú ìyá ẹ̀, ó wo ojú bàbá ẹ̀, ó sì bú jáde.

“Kì í ṣe èmi ni mo kọ ọ́! Britta ni! Òun ló kọ ìkọkúkọ sínú ẹ̀! Ẹ bi í!”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tí Britta ń wá nìyẹn. Ohun tó gba oorun lójú ẹ̀, òun ló bọ́ sí i lọ́wọ́ yẹn, níwájú olùkọ́, níwájú ìlú. Ó ní bí ìgbà tí wọ́n gbé òkúta kúrò láyà òun ló rí. Ó ní kò sí oyin tó dùn bẹ́ẹ̀.

Verna ló yíjú sí i. Ọwọ́ ẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà nígbà tó ń pàtẹ́wọ́.

“Britta, ṣé ìwọ lo kọ ọ́?”

“Èmi ni, mà.”

“Ṣé òótọ́ ni ohun tí ètò ẹ ń sọ?”

Wendell ń mi orí fún Britta lábẹ́lẹ̀ pé kó ní rárá. Rolf ò mi orí, ó kàn ń wò ó. Britta mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Kó ní àṣìṣe wà níbẹ̀, mà, kí obìnrin yìí padà jókòó kó máa pín bísíkíìtì. Ṣùgbọ́n bó bá sọ bẹ́ẹ̀, Dane ló jàre. Iṣẹ́ tó fi gbogbo ara ṣe á di ìkọkúkọ, lọ́jọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a padà fún un. Ó gbójú sókè.

“Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀, mà. Ọkọ̀ yín kì í ṣe GTO.”

Verna rọra jókòó. Ó wo ọkọ̀ náà, ó wo orúkọ GTO tó ń dán lára ẹ̀.

“Rolf, o mọ̀?”

Rolf na ọwọ́ sí i, Verna yẹra.

Verna wo Wendell. Wendell ń wo bàtà ara ẹ̀. Ó wo ìyàwó Wendell, ó wo àwọn tó ti ń bá a jókòó nírọ̀lẹ́ Friday láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Ẹni tó bá wò, á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Gbogbo yín?” Verna wí. “Gbogbo yín pátá?”

Ó gbé báàgì ẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ rìn jáde nínú ọgbà. Rolf sáré tẹ̀ lé e, ó ń pè é, kò bojú wẹ̀yìn.

Ìgbà yẹn ló tó yé Britta ìdí tí àwọn àgbà fi dákẹ́. Òun rò pé òun nìkan lòun mọ̀. Ta ni kì í mọ̀, nínú àwọn tó fi GTO jẹun tó fi sùn? Gbogbo wọn ló mọ̀, àfi ẹni tó rà á.

Ṣùgbọ́n kí n má sọ pé ó kábàámọ̀ lójú ẹsẹ̀. Irọ́ nìyẹn. Madam Pruitt wá gbá a mọ́ra, ó tọrọ àforíjì. Kọ́lẹ́ẹ̀jì dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ẹ̀ padà, wọ́n lé Dane. Ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ gba Dane kọ̀wé sí Britta. Fún bí ọ̀sẹ̀ kan, bó bá rántí ojú Dane lórí pèpéle, á máa dá rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ì bá tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì.

Rolf ló wá bá a ní ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé wá. Rolf ti rù.

“Mo wá kí ẹ kú oríire. Iṣẹ́ ẹ ni. Dane jẹ ohun tó sè.”

“Ẹ ṣé, bàbá. Màmá ńkọ́?”

“Ó wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní Marquette. Kò gba fóònù mi.” Ó fara ti Dodge Britta. “Ọjọ́ tó gbé ọkọ̀ yẹn wá sílé ni mo ṣí ilẹ̀kùn, tí mo rí nọ́ńbà yẹn. Ó dúró tì mí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Ilé ìyá ẹ̀ ló tà. Kí ni kí n wí? Mo pa ilẹ̀kùn dé. Mo sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n bá mi gbé àṣírí náà. Wọ́n gbé e.”

Rolf wo Britta lójú.

“Ìwọ náà rí i nínú gáréèjì. Mo rí i pé o rí i. O gbé sípánà fún mi, o ò wí nǹkan kan. Mo wọlé, mo pe Wendell, mo ní kó má mikàn, ọmọ yẹn ti di tiwa.”

Ibẹ̀ ni adùn ti kúrò lẹ́nu Britta o. Ó bú sẹ́kún láàárín àwọn ọkọ̀. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí.”

“Kì í ṣe èmi lo ṣẹ̀,” Rolf wí, ó sì padà wọ ọkọ̀ ẹ̀.

Britta wa Dodge lọ sí Marquette lọ́jọ́ Sátidé. Verna fúnra ẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Kò bú u. Kò sì ní kó wọlé. Britta bẹ̀bẹ̀, ó sọ gbogbo ẹ̀, látorí olè Dane dórí 237, ó ní òun ò mọ̀ pé Verna ni ọ̀rọ̀ náà máa bà.

Verna gbọ́ ọ títí tó fi tán.

“Àwọn tó fẹ́ràn mi parọ́ fún mi,” ó wí. “Ọkọ mi, àwọn ọ̀rẹ́ mi. Nínú gbogbo yín, ìwọ nìkan lo sọ òótọ́ fún mi lọ́jọ́ yẹn. Mo ti jókòó rò ó, mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ.”

Britta gbójú sókè.

“Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ pé kì í ṣe torí tèmi lo ṣe sọ ọ́.”

Ó rọra ti ilẹ̀kùn. Britta dúró síbẹ̀ títí tó fi gbọ́ tí Verna yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.